Jákẹ́ẹ̀tì òjò àti hánẹ́ẹ̀sì: èwo ló yẹ kó wà lókè?

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lókè, yálà wọ́n ń gun òpó máàsìtì, wọ́n ń kun ilé alájà mẹ́wàá, tàbí wọ́n ń to irin lórí afárá: bí òjò bá ṣú, ṣé orí jákẹ́ẹ̀tì la ó ti so hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ọ̀já ààbò tí wọ́n ń so mọ́ ara kí okùn lè mú ẹni tó bá já bọ́, àbí abẹ́ rẹ̀? Àwọn kan á ní òkè ló yẹ kó wà kí gbogbo èèyàn lè rí i. Àwọn mìíràn á ní abẹ́ ni, kí òjò má baà rin ín. Ọjà fúnra rẹ̀ tún wá dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà, torí oríṣiríṣi jákẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀ báyìí: òmíràn ní ojú ihò lẹ́yìn, òmíràn ò ní, òmíràn sì wà tí wọ́n ti rán odindi hánẹ́ẹ̀sì mọ́ inú rẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, àlàyé rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ibi yòówù kí hánẹ́ẹ̀sì wà, ara ẹni ló gbọ́dọ̀ di mọ́, kì í ṣe aṣọ. Òrùka onírin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní gbangba, kí okùn lè kọ́ ọ láìsí ohunkóhun tó dí i lọ́wọ́. Jákẹ́ẹ̀tì tó bá fàyè gba nǹkan méjèèjì yìí ló dára. Èyí tí kò bá fàyè gbà á, bó ti wù kó gbówó lórí tó, kò yẹ lọ́rùn ẹni tó ń gòkè.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ iṣẹ́ tí hánẹ́ẹ̀sì ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé ṣì máa ń pè é ní bẹ́líìtì, bẹ́líìtì ìbàdí lásán sì kọ́. Nígbà kan, ìbàdí nìkan ni wọ́n ń so okùn mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó so bẹ́líìtì ìbàdí bá já bọ́, gbogbo agbára ìṣubú náà ló ń kórí jọ sí ikùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì lè ya ẹ̀yà ara inú. Ìdí nìyẹn tí OSHA, àjọ tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1998, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi bẹ́líìtì ìbàdí dá ìṣubú dúró mọ́ níbi iṣẹ́ ìkọ́lé. Hánẹ́ẹ̀sì ní ọ̀já tó gba èjìká méjèèjì, ó ní ti àyà, ó ní ti itan méjèèjì, kí agbára náà lè pín sórí àwọn egungun ńlá ara. Láàárín palaba èjìká méjèèjì ni òrùka onírin kan wà tó rí bíi lẹ́tà D. Òun ni wọ́n ń kọ́ okùn mọ́, òun náà sì ni jákẹ́ẹ̀tì sábà máa ń bò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn bá já. Ọkùnrin tó wọn 80 kìlógíráàmù, tó ṣubú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 6 péré, ìyẹn nǹkan bíi mítà 1.8, kò ní lò ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí okùn bá máa fi mú un, eré rẹ̀ ti tó kìlómítà 21 ní wákàtí kan. Kò sí ọwọ́ tó yá tó bẹ́ẹ̀ láti gbá nǹkan mú. Ẹsẹ̀ bàtà 6 yìí náà ni OSHA fi ṣe òté: ẹni tó so hánẹ́ẹ̀sì kò gbọ́dọ̀ já lófìfo jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára tó bá sì bá ara rẹ̀ nígbà tí okùn bá mú un kò gbọ́dọ̀ ju 1,800 pọ́ùn lọ. Ní Yúróòpù, ìlànà EN 355 ní kí agbára náà má kọjá 6 kilonewton, bí ìgbà tí ẹrù 600 kìlógíráàmù bá fa èèyàn. Ohun tó ń dín agbára náà kù ni àpò kékeré kan tó wà lára okùn ìsokọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní lanyard. Inú àpò yìí, tó ń jẹ́ shock absorber, ni wọ́n ká ọ̀já gígùn kan sí tí wọ́n gán an pọ̀. Bí èèyàn bá já, àwọn ojú gígán náà á máa ya díẹ̀díẹ̀, ọ̀já á máa fà jáde, ara ò sì ní jìgìjìgì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibi tí jákẹ́ẹ̀tì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, láti orí òrùka dé orí àpò, gbọ́dọ̀ rí àyè ṣiṣẹ́ láàárín àkókò tí kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Bí aṣọ bá wà lójú ọ̀nà, ó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ti aṣọ tó nípọn. Ìyá tó bá pọn ọmọ lórí súwẹ́tà tó nípọn mọ̀ pé bó ti wù kí òun fa ọ̀já le tó, bí òun bá rìn díẹ̀, súwẹ́tà á fún, ọ̀já á dẹ̀, ọmọ á sì máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hánẹ́ẹ̀sì tí wọ́n so sórí jákẹ́ẹ̀tì òtútù tó kún fún fóòmù tàbí òwú. Ní ilẹ̀, ó le dáadáa. Bí okùn bá fa èèyàn, aṣọ á fún pọ̀, ọ̀já á dẹ̀, ara á sì yọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó wá dì í mú. Òrùka tó yẹ kó wà láàárín palaba èjìká á ti sún lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Ọ̀já àyà á gòkè wá sí ọ̀fun. Ọ̀já itan tó dẹ̀ á gbá èèyàn níbi tí kò yẹ kó gbá a rárá.

Nítorí náà, jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn, hánẹ́ẹ̀sì ló ń lọ sábẹ́ rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òjò tó fẹ́lẹ́, tí kò ju aṣọ kan ṣoṣo lọ, hánẹ́ẹ̀sì lè wà lórí rẹ̀ láìsí wàhálà, bí ẹ bá ti tún ọ̀já fà lẹ́yìn tí ẹ wọ̀ ọ́ tán. Ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ ojú ọjọ́ ló dá àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ láàárín àwa tí a wà nílé àti àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé ní Manchester tàbí Chicago. Ẹni tó ń gun máàsìtì ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹfà, òjò ló ń bá jà, kì í ṣe òtútù. Jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ lábẹ́ hánẹ́ẹ̀sì tó o. Ẹni tó wà ní Chicago nínú oṣù kìíní ò lè wọ aṣọ fẹ́lẹ́ kó má gan. Àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ tọ̀nà fún, níbi tí kálukú wọn dúró sí.

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ ka ìwé tó bá hánẹ́ẹ̀sì yín wá nínú páálí. Bí ẹni tó ṣe é bá sọ pé kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Tí hánẹ́ẹ̀sì bá máa wà lábẹ́, jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní ojú ihò lẹ́yìn fún òrùka. Ẹ mú irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè. Láàárín èjìká méjèèjì ni ẹ ó ti rí ojú ihò náà, ó sábà máa ń gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Aṣọ pẹlẹbẹ kan bò ó láti òkè wá sísàlẹ̀, kí òjò tó bá ń ṣàn bọ̀ láti ọrùn lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ ká aṣọ yẹn sókè: ẹ ó rí síìpù tàbí Velcro tó ń pa ihò náà dé nígbà tí ẹ kò bá lò ó. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa, ẹ ó tún rí ọpọ́n aṣọ kan nínú, bí ìgbà tí wọ́n rán apá aṣọ kékeré kan síbẹ̀, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ mọ́ lanyard kí omi má ráyè wọlé. Ẹ wá fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀ láti inú. Tépù ìdíwọ́ omi gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo ojú abẹ́rẹ́, torí ibi tí abẹ́rẹ́ bá gún ni omi ń gbà wọlé.

Ojú ihò yìí ò wà fún ẹwà o, ẹ dán an wò kí ẹ tó gòkè. Ẹ wọ hánẹ́ẹ̀sì, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì lé e, kí ẹnì kejì fa òrùka náà jáde kó sì kọ́ lanyard mọ́ ọn. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ lóṣòó. Bí aṣọ bá ń wọ́ òrùka náà padà sínú, tàbí bí òrùka náà bá ń dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ihò náà ò bá hánẹ́ẹ̀sì yín mu, bí jákẹ́ẹ̀tì náà tilẹ̀ tóbi dáadáa fún yín. Àpò shock absorber gbọ́dọ̀ wà lóde pátápátá. Lára àwọn lanyard kan, ìdí òrùka ẹ̀yìn gan-an ni àpò náà máa ń wà. Tí ihò bá kéré, ààbọ̀ rẹ̀ á há sínú aṣọ. Àpò tó há ò lè ya bó ṣe yẹ.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀já kúkurú kan kún òrùka ẹ̀yìn kó lè yọ jáde dáadáa. Ó wúlò, bí ẹni tó ṣe hánẹ́ẹ̀sì bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ń fi kún ibi tí èèyàn máa já dé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lanyard mítà 2, àpò tó lè fà tó mítà 1.75, mítà 1.5 láti òrùka ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀, pẹ̀lú mítà 1 tí a fi sílẹ̀ fún ìdáàbòbò. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 6.25 láti ibi tí ẹ so okùn mọ́ dé ilẹ̀ tàbí ohun líle tó wà nísàlẹ̀. Bí ọ̀já kúkurú náà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, ó ti di mítà 6.7 nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí alájà kejì lè má ní àyè tó tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á sì ti gbà á kí okùn tó mú un.

Ó kù ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwọn ọgbọ́n àdáṣe. Jákẹ́ẹ̀tì ò ní ihò, òjò sì ń rọ̀, ni ẹnì kan bá mú ọ̀bẹ, ó gé ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, jákẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe ti òjò mọ́. Omi ń ti ẹ̀yìn wọlé, ó ń rin hánẹ́ẹ̀sì, aṣọ ń ya sí i lójoojúmọ́, ìwé ẹ̀rí tó bá a wá sì ti di òfo. Síbẹ̀, èyí ṣì sàn ju ti àwọn tó ń fa lanyard gba ọrùn jákẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ fojú inú wò ó. Òrùka wà láàárín èjìká, okùn gba abẹ́ aṣọ gòkè lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Ẹsẹ̀ yọ̀. Okùn le, ó fa ọrùn aṣọ sẹ́yìn àti sókè, síìpù iwájú tí wọ́n fà dé àgbọ̀n torí òjò sì fún ọ̀fun pọ̀ lójijì, gbogbo ìwúwo ara sì wà lórí okùn yẹn. Àwọn tó ń fà á gba ìsàlẹ̀ aṣọ jáde ò bọ́ nínú ewu. Tiwọn ni pé okùn á ká jákẹ́ẹ̀tì náà sókè bo ojú wọn, á sì há apá wọn mọ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ojú àti ọwọ́ yẹn gan-an ni wọ́n nílò láti gba ara wọn là.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n kàn máa ń bo òrùka mọ́lẹ̀, tí wọ́n á gòkè láìkọ́ okùn kankan, pé òjò á dá láìpẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin fọ́ọ̀mánù, ẹ má gbà fún wọn. Orí irin tó tutù ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un: gbogbo ohun tó rí bí òrùka tàbí okùn kékeré lára jákẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń fi rédíò tàbí ìbọ̀wọ́ kọ́, tàbí èyí tí wọ́n fi ń so aṣọ kọ́ sára ògiri, kò sí ìkankan nínú wọn tó lè gba èèyàn dúró.

Lórí lébẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà ló máa ń dá ojú rú, ṣùgbọ́n kò le tó bí ó ṣe rí. EN 343 ni ti òjò. Láti ọdún 2019, ìpele rẹ̀ jẹ́ 1 sí 4, nọ́ńbà àkọ́kọ́ sì ń sọ bí aṣọ ṣe ń dènà omi tó. Ìpele 4 túmọ̀ sí pé ó gba ìtẹ̀ omi tó tó 20,000 pascal kó tó jò, bíi pé wọ́n gbé omi tó ga ní mítà 2 lé e lórí. Nọ́ńbà kejì ń sọ bí òógùn ṣe lè gba inú aṣọ náà jáde tó. Fún oníṣẹ́ ní Èkó, nọ́ńbà kejì yìí ni èmi máa kọ́kọ́ wò. Aṣọ tó dènà òjò pátápátá ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí òógùn jáde á mú kí òógùn rin ẹni tó wọ̀ ọ́ láti inú wá, ooru á mú un, òòyì á sì lè kọ́ ọ lókè. EN ISO 20471 ni ti aṣọ aláwọ̀ títàn tó ń jẹ́ kí awakọ̀ rí òṣìṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ANSI/ISEA 107 ló dúró fún un. Kò sí èyí tó kan ìṣubú nínú gbogbo wọn. EN 361 àti ANSI Z359.11 ni ti hánẹ́ẹ̀sì. Nítorí náà, bí olùtajà bá sọ fún yín pé jákẹ́ẹ̀tì kan ti ní hánẹ́ẹ̀sì nínú, kò sí ohun tó burú nínú irú rẹ̀, wọ́n ń ṣe é lóòótọ́. Ẹ sáà wá nọ́ńbà hánẹ́ẹ̀sì lára rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan ju EN 343 lọ, aṣọ òjò ni ẹ mú dání.

Ti àwọ̀ títàn yẹn náà ní bí ó ṣe kan ọ̀rọ̀ wa. Aṣọ ìpele 3 nínú EN ISO 20471 gbọ́dọ̀ ní aṣọ títàn tó fẹ̀ tó mítà oníbùú lóròó 0.80 ó kéré tán, pẹ̀lú ìlà tó ń tan iná padà tó fẹ̀ tó 0.20. Ọ̀já hánẹ́ẹ̀sì tó bá wà lórí rẹ̀ ń bo lára àyè yìí mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí afárá ojú títì lálẹ́ gbọ́dọ̀ ronú lórí èyí, yálà kó jẹ́ kí hánẹ́ẹ̀sì wà lábẹ́, tàbí kó ra èyí tí ọ̀já rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tàn.

Àǹfààní wà nínú kí hánẹ́ẹ̀sì wà lábẹ́: òjò, ọ̀dà, oòrùn àti ìtapàrà iná wẹ́ẹ́dà ò ní tètè bà á jẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́. Ọ̀já itan lè ti lọ́, ìdè àyà lè ti ṣí, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Kí ẹ tó fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kejì yẹ ara yín wò láti èjìká dé itan. Àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ tẹ́ pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ọ̀já itan, ṣùgbọ́n tí ẹ bá di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Àjọ HSE ti Ìlú Ọba, tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́, sọ pé àyẹ̀wò fínnífínní gbọ́dọ̀ wáyé ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó lò ó. Wọ́n tún sọ pé bí nǹkan bá gé etí lanyard tó jẹ́ ọ̀já ní mìlímítà 1 péré, ó lè pàdánù láti ìdá 5 dé 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Bí òjò bá pa hánẹ́ẹ̀sì, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ òjìji ni kí ẹ so ó kọ́ sí. Ẹ má sá a sínú oòrùn, ẹ má sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Jákẹ́ẹ̀tì tó dára ò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gòkè nínú ìjì. Òfin iṣẹ́ orí òkè tí Ìlú Ọba ṣe ní ọdún 2005 sọ ọ́ kedere pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí i pé iṣẹ́ ń lọ lókè kìkì nígbà tí ojú ọjọ́ kò bá fi ìlera tàbí ẹ̀mí òṣìṣẹ́ wewu. Àwa tí a mọ ààrá oṣù kẹrin àti ti oṣù kẹwàá nílẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí lórí máàsìtì onírin tó ga ju gbogbo ilé àdúgbò lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò rántí. Ẹni tí okùn mú, tó wá rọ̀ sójú kan, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn hánẹ́ẹ̀sì kan fi ní àpò kékeré méjì ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, tí okùn ìtẹ̀sẹ̀ wà nínú wọn: èèyàn á fà wọ́n jáde, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n, á sì dìde dúró nínú wọn títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Bí jákẹ́ẹ̀tì bá gùn kọjá ìbàdí, ó ń bo àpò méjèèjì yìí. Ẹ wá èyí tó ní síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó mọ sí ìbàdí, kí ẹ sì dán an wò bóyá ọwọ́ yín ń dé ibẹ̀ láìwò.

Tí ẹ bá wá fẹ́ lọ ra jákẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé hánẹ́ẹ̀sì yín àti hẹ́ĺmẹ́ẹ̀tì yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì mú ẹnì kan tẹ̀ lé yín tí á bá yín fa òrùka jáde. Ẹ wo fìlà ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gba hẹ́ĺmẹ́ẹ̀tì, tàbí kó ṣeé yọ kúrò, kó má sì rọ̀ bo òrùka. Ẹ wo àpò rẹ̀: tí hánẹ́ẹ̀sì bá máa wà lókè, àpò tó wà ní ìbàdí á há sábẹ́ ọ̀já, nítorí náà, èyí tó wà lókè ní àyà lọ́tùn-ún àti lósì ló dára, kí ẹ má sì fi ohun líle sínú rẹ̀ níbi tí ọ̀já ti kọjá. Nígbà tí òjò bá dá lọ́sàn-án, tí oòrùn bá yọ, tí ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ hánẹ́ẹ̀sì, ẹ tún gbogbo ọ̀já fà láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó padà sókè.